Gladys: ọmọ Wélsì ni orúkọ yìí

Àwọn màmá tó ń jẹ́ Gladys pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe ìsàmì fún kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa kà á sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni ín o. Wélsì, ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti wá, Gwladus tàbí Gwladys ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ gan-an lẹ́nu wọn kí àwọn aládùúgbò wọn tó gbà á lò.

Ọmọ ọba ni Gwladus tó lókìkí jù lọ. Brychan, bàbá rẹ̀, ló jọba ní Brycheiniog ní gúúsù Wélsì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹfà. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Lifris kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1100, nígbà tó ń sọ ìgbésí ayé Cadoc mímọ́, ọmọ Gwladus. Ó ní Gwynllyw, ọba ìtòsí, ránṣẹ́ wá tọrọ ọmọ, Brychan sì lé àwọn ońṣẹ́ náà dànù. Ni Gwynllyw bá kó 300 ọmọ ogun, ó lọ fi tipátipá gbé e. Brychan lépa wọn. Lórí òkè kan ní ẹnubodè, Arthur, jagunjagun tí wọ́n ṣì ń ròyìn ní Ìlú Ọba títí dòní, jókòó ti Cai àti Bedwyr, wọ́n ń ta dáìsì. Bó ṣe rí Gwladus, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó fẹ́ gbà á fún ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a wí, wọ́n ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba ẹni tó wà nínú wàhálà. Arthur gbọ́, ó dá Brychan padà, Gwynllyw sì mú ìyàwó délé. Ìtàn ẹni mímọ́ ni Lifris ń kọ, síbẹ̀ kò bo ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ Arthur mọ́lẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, tọkọtaya náà fi adé sílẹ̀, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń lọ wẹ̀ nínú odò Usk nínú òtútù. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ni àjọ̀dún Gwladus, ṣọ́ọ̀ṣì kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Bargoed.

Òmíràn tún ni Gwladus Ddu, Gwladus Dúdú, ọmọ Llywelyn Ńlá, aláṣẹ kan ní Wélsì. Gwladus yìí kú ní 1251. Ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ ẹ, ìran rẹ̀ ló sì bí Edward Kẹrin, tó gorí oyè ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1461.

Ní ti ìtumọ̀, gwlad ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń túmọ̀ Gwladus sí ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀. Àwọn kan ti so ó mọ́ Claudia ti àwọn ará Róòmù rí, ṣùgbọ́n gwlad ló sún mọ́ ọn jù.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn obìnrin inú ìtàn àròsọ wọn ní Gladys. Wọ́n yọ w kúrò, ayé sì gbà á. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ní ọ̀rúndún kan náà, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Wélsì, ọmọ tó bá sọ èdè Wélsì, pátákó ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn láti fi jẹ ẹ́ níyà. Àwọn tí wọ́n bu owó ìtanràn lé nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò mọ bó ṣe rí.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1900 sí 1909, Gladys wà lára orúkọ 20 tí wọ́n sọ ọmọbìnrin jù lọ. Ó ti dé etíkun tiwa náà nígbà yẹn: ní 1904 ni wọ́n bí akéwì Gladys Casely-Hayford ní Axim, ní ilẹ̀ tó di Ghana lónìí. Ìdílé ọ̀mọ̀wé Kristẹni ni ìdílé rẹ̀, irú wọn sì pọ̀ ní Èkó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni orúkọ àjèjì tẹ́ lọ́rùn: ní 1894, David Brown Vincent, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlà Agbébí.

Ó ti pẹ́ tí Gladys ti ń lọ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ó sì ṣọ̀wọ́n báyìí kí ọmọ tuntun jẹ́ ẹ. Láàárín àwọn tó ń sọ Faransé ní Benin, a rí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú w rẹ̀.