Bí Ìṣọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Ìkànnì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, lè ní ìkànnì tí oníbàárà ti ń rajà láti Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bó bá yẹ àkọsílẹ̀ sáfà rẹ̀ (kọ̀ńpútà tó gbé ìkànnì náà dúró) wò láàárọ̀, á bá wp-login.php, ìyẹn ojú ewé ìwọlé WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ìkànnì, ní ìlà lórí ìlà, láago méjì òru. Kì í ṣe oníbàárà. Bọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ètò kọ̀ńpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, ó ń méfò pásíwọ́ọ̀dù.

Ìṣọ́ yìí ti wà kí ìkànnì tó dé. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ètò kọ̀ńpútà tó ń jẹ́ CTSS, èyí tí Fernando Corbató àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi han aráyé lọ́dún 1961. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹ̀rọ kan lò, pásíwọ́ọ̀dù ló sì ń ya fáìlì ẹnì kan sọ́tọ̀ sí ti ẹnì kejì. Kò pẹ́ rárá. Lọ́dún 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tí wákàtí tí wọ́n pín fún un lọ́sẹ̀ kò tó o lò, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì pásíwọ́ọ̀dù jáde fún òun. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1966, fáìlì ọ̀rọ̀ ìkíni àti ti pásíwọ́ọ̀dù gba ipò ara wọn, ni pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn bá ń hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ohun tó fà á ni pé wọ́n kọ ọ́ pamọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Lọ́dún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson gbé ìwádìí jáde lórí pásíwọ́ọ̀dù Unix, ètò tó ń darí kọ̀ńpútà. Nínú 3,289 tí wọ́n yẹ̀ wò, 2,831 ló kúrú jù tàbí tó rọrùn láti méfò. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ẹ̀rọ máa fà díẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ DES, ìlànà tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, lé pásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi iyọ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ ṣà nínú 4,096, kí pásíwọ́ọ̀dù kan náà tí èèyàn méjì lò má bàa jọra nínú fáìlì. Oníbàárà kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó fẹ́ dán mílíọ̀nù kan wò ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Lójú tiwa, kò tíì sí ohun ìjà tó ju ìfàsẹ́yìn yìí lọ. Òun náà ni bcrypt, ìlànà míì fún títọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, tí Niels Provos àti David Mazières gbé jáde lọ́dún 1999, mú lò: bẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan kún ìwọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì.

(Ọmọ Morris yìí gan-an, Robert Tappan Morris, ló tú kòkòrò, ètò tó ń dá tàn láti kọ̀ńpútà dé kọ̀ńpútà, sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní November 1988. Ọ̀rọ̀ 432 ló kó sí i lápò láti fi méfò pásíwọ́ọ̀dù.)

Àwòrán lẹ́tà wíwọ́, tí èèyàn máa kà kó lè hàn pé kì í ṣe bọ́ọ̀tì, dé pẹ̀lú AltaVista, ìkànnì ìwákiri, lọ́dún 1997. Luis von Ahn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní CAPTCHA. Ẹ̀rọ ti ń kà á báyìí, àwọn kan sì ń gbowó láti bá bọ́ọ̀tì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó yọjú lẹ́yìn àṣìṣe kẹta, ẹ má fi da gbogbo oníbàárà láàmú.

Fail2ban, ètò tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ sáfà, tí Cyril Jaquier bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, ń ti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) mọ́ta: àṣìṣe márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì. Ní April 2013, àdírẹ́sì tó lé ní 90,000 kọ lu àwọn ìkànnì WordPress, orúkọ «admin» ni wọ́n sì ń lépa, torí òun ni WordPress máa ń fún gbogbo èèyàn kó tó di 2010. Bí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan bá gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì péré, ta ni Fail2ban fẹ́ mú?

Níbi tiwa ńkọ́? Ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹnì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó fẹ́ sanwó ní Láfẹ́nwá ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Ẹ ka iye àṣìṣe lórí orúkọ àkáǹtì àti àdírẹ́sì pọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, 2, 4, 8, dípò kẹ́ ẹ tì í pa. Ẹ pa xmlrpc.php, fáìlì WordPress tí ètò míì ń gbà wọlé, bí ẹ ò bá lò ó, torí ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Bí ẹnì kan bá ṣàṣìṣe, ẹ má sọ bóyá orúkọ ni tàbí pásíwọ́ọ̀dù.

Fún àkáǹtì ẹni tó ni ìkànnì, ẹ fi kóòdù orí áàpù kún un, nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Aago ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ti fóònù àti ti sáfà bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan yàtọ̀, sáfà ò ní gbà á, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á sì rò pé wọ́n ti jí àkáǹtì òun. Ẹ kọ́kọ́ wo aago.