Àyà mi ń já, wọ́n ní kí n mí kanlẹ̀: kí ni mímí fẹ́ ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ra ẹja lọ́jà ní Sátidé, mo ṣe transfer, báǹkì ti yọ owó mi, ìyá ẹlẹ́ja lóun ò rí álẹ́ẹ̀tì. Èèyàn mẹ́rin ti tò sẹ́yìn mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi ń lù bí ẹni sáré. Ẹnì kan wá ní kí n mí kanlẹ̀. Ṣé mímí ló máa dá owó padà ni?

Ìdáhùn: Kò lè dá kọ́bọ̀ padà o, àbúrò. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i, ara wa ò mọ ìyàtọ̀ ìyá ẹlẹ́ja àti ẹkùn, tí ọpọlọ bá ti ní ewu dé, àwọn nǹkan kékeré méjì kan tó jókòó sórí kíndìnrín á tú adrenaline, èròjà kan tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí apá àti itan kó o lè jà tàbí kó o sá. Walter Cannon, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1915. Ìwọ wá dúró sójú kan, nylon ẹja lọ́wọ́, o ò jà o ò sá.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan mímí níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. O ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù, kò ní gbọ́, àmọ́ èémí ń lọ fúnra ẹ̀ tó o bá sùn, tó o bá sì fẹ́, o lè darí ẹ̀. Fìka méjì sí ọrùn ọwọ́ níbi tó ti ń lù kìkì, fa èémí sínú, wàá rí i pé ó yára díẹ̀, wá tú u síta pẹ̀lẹ́, ó máa falẹ̀. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti ọpọlọ gba ọrùn lọ sí ọkàn dé ikùn, òun ló ń tẹ búréèkì nígbà tí èémí bá ń jáde. Nítorí náà àwọn tó ń gbé èjìká sókè fa èémí ńlá, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jàre, títú u síta niṣẹ́. Ka 4 wọlé, ka 6 jáde, ìyẹn á jẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tó jẹ́ pé àgbàlagbà sábà máa ń mí tó 12 sí 20.

Ìbéèrè: Mo gbìyànjú ẹ̀, òòyì ló kọ́ mi, ìka mi ń jó.

Ìdáhùn: O ń fà á tipátipá nìyẹn, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ti lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Rọra ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná kó lè tutù. Tó bá jẹ́ pé àyà ń dùn ẹ́, tó ń ta dé apá, má mí kankan kiri, hospital ni kó o gbà lọ.

Ìbéèrè: Mindfulness tí wọ́n ń sọ ńkọ́, ṣé ẹ̀sìn ni?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ ní 1979 ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn mú un wọ ilé ìwòsàn yunifásítì Massachusetts, ó ń kọ́ àwọn tí ara ń ro, kò sí òrìṣà níbẹ̀. Kó o kàn mọ ohun tó wà níwájú ẹ ni: yìnyín tó ń yọ́ sí ẹ lẹ́sẹ̀, okùn nylon tó ń gé ẹ níka, láì bá a jà. Ṣebí àwa náà ń sọ pé fara balẹ̀, ara la ní kó balẹ̀, a ò ní kó o lọ ronú.

Ìbéèrè: Owó mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Ṣe screenshot, kí session ID, nọ́ńbà gígùn tó wà lórí rìsíìtì transfer, hàn níbẹ̀ o, gbé e lọ sí báǹkì. Ka 6 jáde kó o tó wọlé, mo mọ bí ìlà ibẹ̀ ṣe máa ń gùn.