Egungun ìhà ọkùnrin kò dín ọ̀kan

Kò sí ibi ìdána tí èèyàn máa lọ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ egungun ìhà. Alága á ní kí ọkọ ìyàwó wá mú egungun ìhà rẹ̀ tó sọnù, àwọn ọ̀rẹ́ á hó yèè, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí oníwàásù bá gun orí pẹpẹ, tó ní sáyẹ́ǹsì pàápàá ti jẹ́rìí sí i pé egungun ìhà ọkùnrin dín ọ̀kan sí ti obìnrin, ibẹ̀ lọ̀nà èmi àti tiwọn ti ń pín. Ìjọ á ké "Hàlélúyà!", kò sì ní sí ẹnì kan tó máa fọwọ́ kan ìhà ara rẹ̀ wò.

Ọkùnrin ní egungun ìhà 24. Obìnrin ní 24. Méjìlá wà lápá ọ̀tún, méjìlá wà lápá òsì. Ọmọ tuntun jòjòló ní egungun tó pọ̀ ju 206 tí àgbàlagbà ní, nítorí pé àwọn kan nínú wọn máa ń lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan bó bá ṣe ń dàgbà, àmọ́ ti ìhà kì í yí padà, yálà ọmọ náà jẹ́ akọ tàbí abo.

Ẹ lè kà á lára ara yín, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí ẹ bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, ẹ ó ṣì í, torí pé egungun ìhà àkọ́kọ́ sá pamọ́ sábẹ́ egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé èjìká. Ẹ fi ìka wá kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun. Láti ibẹ̀, ẹ fa ìka wálẹ̀ lórí egungun àyà, bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí i. Ìka á kọ lu ibì kan tó yọ díẹ̀, tó dábùú egungun àyà. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀: èyí tí ìka yín gùn yẹn ni egungun ìhà kejì. Àmì yìí làwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn lé.

Ó yá, ẹ máa kà bọ̀ wálẹ̀. Kòtò, egungun, kòtò, egungun. Ẹ má jìnnà sí egungun àyà, pàápàá ẹ̀yin obìnrin, torí bí ọwọ́ bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmú á bo ohun tí ẹ ń wá. Títí dé ìkeje, kò ní í ṣòro, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló so mọ́ egungun àyà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú egungun rírọ̀ tí àwọn ọmọdé ń rún lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń jẹran, èyí tí wọ́n ń pè ní bísíkíìtì bóònù. Ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá kò dé ibi egungun àyà. Ara egungun rírọ̀ èyí tó wà lókè wọn ni wọ́n rọ̀ mọ́, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra débi pé ìka kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìkọkànlá àti ìkejìlá kò so mọ́ nǹkan kan níwájú rárá. Ẹ ó bá ṣóńṣó ìkọkànlá ní ẹ̀gbẹ́, lókè ìbàdí. Ìkejìlá kúrú, ẹran ẹ̀yìn sì bò ó. Lára ẹlòmíì, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí kí ìka má kàn án.

Ẹ wá rí i pé ẹni tí kò mọ̀nà lè ka mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó sanra má tiẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ bá ka mẹ́wàá, tí ìyàwó ka mọ́kànlá, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí? Bó bá wá jẹ́ ìyàwó ló ka mẹ́wàá ńkọ́? Wọ́n á ní kó tún un kà.

Alápatà kì í ní ìṣòro yìí. Ewúrẹ́ ní egungun ìhà 13 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òbúkọ náà ní 13. Ẹni tó ń gé ẹran ìhà lọ́jà kì í béèrè bóyá akọ ni tàbí abo kó tó mọ iye tó máa bá lábẹ́ ọ̀bẹ.

Irọ́ yìí ti pẹ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti já a. Lọ́dún 1543, Andreas Vesalius, ọmọ Brussels ní Belgium tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Padua ní Ítálì, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Basel ní Switzerland lórí bí ara èèyàn ṣe rí. Kò tíì pé ọdún 29 nígbà náà. Ṣáájú ìgbà tirẹ̀, ohun tí Galen, dókítà ará Gíríìkì àtijọ́, kọ ní nǹkan bí 1,300 ọdún ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń kà bí àkọ́sórí, bẹ́ẹ̀, ara ọ̀bọ àti ẹranko mìíràn ni Galen ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Vesalius fi ọwọ́ ara rẹ̀ la òkú èèyàn, àwọn ọ̀daràn tí ìjọba pa wà lára wọn, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fi hàn pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ èèyàn kì í ṣe méjì bí Galen ṣe wí; ọ̀kan ṣoṣo ni. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní egungun ìhà ọkùnrin dín ọ̀kan, ẹ̀rín ló ń pani. Ó tún fi kún un pé kódà bí Ádámù bá pàdánù ọ̀kan, ìyẹn ò ní kí gbogbo ọkùnrin tó ti ara rẹ̀ jáde wá pàdánù tiwọn.

Ohun tó sọ kẹ́yìn yìí, kò yẹ kó ṣòroó yé ọmọ Yorùbá. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kọlà, bàbá tó kọ àbàjà á bí ọmọ, ọmọ á bọ́ sáyé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán, ó di kí wọ́n ránṣẹ́ pe olóólà. Láyé àwọn baba ńlá wa, láti ìran dé ìran ni wọ́n ń kọlà, iṣẹ́ olóólà kò sì fìgbà kan dín kù torí pé bàbá ọmọ ti kọ tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni dídá ọmọkùnrin ládọ̀dọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, August Weismann, onímọ̀ ará Jámánì, fi eku dán irú rẹ̀ wò: ó gé ìrù wọn láti ìran dé ìran, títí dé ìran karùn-ún. Ọmọ eku tí wọ́n bí lé ní 900, gbogbo wọn pátá ló ní ìrù. Ohun tí ọmọ ń jogún wà nínú àtọ̀ bàbá àti ẹyin ìyá. Ọ̀bẹ tó kan ìhà kò débẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á rò pé ẹni tó bá sọ báyìí ń bá Ìwé Mímọ́ jà. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí kejì, ẹsẹ 21. Ọlọ́run mú kí Ádámù sùn fọnfọn, ó yọ egungun ìhà kan, ó fi ẹran dí àyè rẹ̀. Ó tán. Kò síbi tí wọ́n ti kà á pé àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á máa rìn kiri pẹ̀lú àlàfo ní ìhà. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ hádíìsì tí Bukhari gbà sílẹ̀, pé ká máa ṣe dáadáa sí obìnrin nítorí ara egungun ìhà la ti dá a. Bí èèyàn á ṣe bá aya rẹ̀ gbé ni ìyẹn ń kọ́ni, kò mẹ́nu kan iye egungun.

Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí egungun akọ àti abo ti yàtọ̀ gan-an, kó wo ìbàdí. Ti obìnrin fẹ̀, ihò àárín rẹ̀ gbòòrò kí orí ọmọ lè gbabẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ làwọn tó ń yẹ egungun òkú wò kọ́kọ́ máa ń wò láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìhà kò lè sọ ìyẹn fún wọn nípa kíkà.

Ohun ìyanu tó wà nínú ìhà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń wàásù. Bí oníṣẹ́ abẹ bá yọ egungun ìhà kan, àmọ́ tó rọra bó o jáde, tó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wé e sílẹ̀ síbi tó wà, egungun mìíràn lè hù padà síbẹ̀. Wọ́n máa ń gé lára rẹ̀ láti fi tún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n sì ń fi bísíkíìtì bóònù rẹ̀ ṣe etí fún ọmọ tí wọ́n bí láìní etí.

Àwọn kan wà, lóòótọ́, tí iye tiwọn kì í ṣe 24. Bóyá ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, máa ń ní àlékún egungun ìhà tó yọ láti ìsàlẹ̀ ọrùn, ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjèèjì. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin díẹ̀ ju ọkùnrin lọ, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì. Púpọ̀ nínú wọn kì í mọ̀ títí wọ́n á fi lọ ya X-ray nítorí nǹkan mìíràn. Lára àwọn díẹ̀, egungun náà máa ń tẹ iṣan tó ń lọ sí apá: ọwọ́ á máa kú tipiri, ìka á máa ta ṣín-ín-ṣín-ín, ohun tí wọ́n dì mú á máa bọ́, pàápàá bí wọ́n bá gbé apá sókè láti di irun tàbí láti sá aṣọ. Irú àwọn yìí ni wọ́n ń sọ fún pé ayé ti ta wọ́n lọ́fà. Kí wọ́n lọ rí dókítà, kí wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n á ya X-ray ọrùn.