Ogun ń jà lórí oko ẹrú, kí ló dé tí ẹni tó ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá ṣì ń jẹ́jọ́?

Ìbéèrè: Orí oko ẹrú ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dá lé, láti 1861 sí 1865. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Lincoln kan náà, ẹni tó ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe pín sí. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló ń kó ẹrú, síbẹ̀ wọn ò bá Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀, ya kúrò lára orílẹ̀-èdè: Kentucky, Maryland, Delaware àti Missouri. Bí wọn ò ṣe ya, bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn ò yẹ̀. Ìkéde òmìnira tí Lincoln ṣe fún àwọn ẹrú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1863, àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ ló ń bá wí. Kò kan Kentucky rárá. Lincoln ò fẹ́ kí wọ́n bínú lọ bá ọ̀tá. Ká sòótọ́, bí Kentucky ò ṣe dalẹ̀ ìjọba àpapọ̀ gan-an ló dáàbò bo àwọn olówó ẹrú ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀sùn wo ni wọ́n ń fi kàn wọ́n?

Ìdáhùn: Olè. Dúkìá ni ẹrú lójú òfin, ẹni tó bá mú un lọ jalè nìyẹn. Ẹ wo Julett Miles. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ lóko ẹrú, ó sì ti ń gbé ní Ohio, ìpínlẹ̀ tí kò gba oko ẹrú láyè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú ìgbèkùn ní Kentucky, wọ́n sì fẹ́ tà wọ́n lọ sí Gúúsù. Ní 1858 ìyá yìí padà lọ kó wọn. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un, inú ẹ̀wọ̀n náà ló kú sí. Wọ́n ní ó jí ọmọ inú ara rẹ̀!

Oníwàásù aláwọ̀ funfun kan wà tó ń jẹ́ Calvin Fairbank. Ní 1844 òun àti olùkọ́ obìnrin kan, Delia Webster, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé ẹrú kan, Lewis Hayden, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn jáde ní Lexington, ní Kentucky. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún Fairbank: márùn-ún fún baba, márùn-ún fún ìyá, márùn-ún fún ọmọ. Gómìnà dárí jì í ní 1849, kò sinmi, ó tún ran ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ́wọ́ láti sá, wọ́n tún dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 mìíràn fún un. Inú ẹ̀wọ̀n ìlú Frankfort, ní Kentucky, ni ogun bá a. Ogun ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó jáde ní 1864, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tí gómìnà kò sí nílé tí igbákejì rẹ̀ ń délé dè é.

Ìbéèrè: Àwọn sójà Lincoln ńkọ́? Ta ló lè pe sójà lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n pè wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá 1862, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adam sá wọ ibùdó ọmọ ogun Wisconsin, ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, nítòsí Nicholasville, ní Kentucky. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ẹni kékeré: George Robertson, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, tó sì mọ Lincoln dáadáa. Ó ní kí ọ̀gá àwọn ọmọ ogun náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì William Utley, dá Adam padà. Utley ní òun ò ní í dá ẹnikẹ́ni padà.

Níbi tó ti le nìyí. Láti oṣù Kẹta 1862 ni Ilé Aṣòfin ti fi òfin de àwọn ọ̀gá ológun pé ẹni tó bá lo sójà láti dá ẹrú tó sá padà, wọ́n á lé e kúrò níṣẹ́. Bí Utley bá fa Adam lé Robertson lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́. Bí kò bá fà á lé e lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ ń dúró dè é. Robertson sì pè é lẹ́jọ́ lóòótọ́.

Lincoln fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà nítùbí-ìnùbí. Ó kọ̀wé sí Robertson pé tó bá lè fi òfin yọ̀ǹda Adam fún Utley kí Utley lè dá a sílẹ̀, òun á san owó tí kò ní í ju 500 dọ́là lọ. Robertson kọ̀. Ó ní kì í ṣe torí owó lòun ṣe pè é lẹ́jọ́, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òfin ìlú ló ga jù ní Kentucky ni tàbí agbára ológun. Èmi ò gbà pé owó ò sí nínú ẹ̀ rárá, nítorí kò jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà títí wọ́n fi dá owó fún un.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni irú ẹjọ́ báyìí wá parí?

Ìdáhùn: Díẹ̀díẹ̀ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹrú tó sá, ti 1850, tó ń bu owó ìtanràn 1,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n fagi lé e ní oṣù Kẹfà 1864. Oko ẹrú fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1865. Síbẹ̀, àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n Kentucky kò jáde lọ́jọ́ kan náà. Ó di 1870 kí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn tó gba ìdáríjì.

Ẹjọ́ Utley tún pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní 1871, nígbà tí kò sí ẹrú mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Wisconsin ní kó san owó Adam fún Robertson, ó lé ní 900 dọ́là. Lọ́dún 1873, Ilé Aṣòfin fi owó ìjọba san án padà fún Utley.