Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Akẹ́kọ̀ọ́ Ètò Ìlú àti Àyíká Ti Mọṣẹ́

Ọmọ Kàbà, Ìsánlú tàbí Mòpà tó bá fẹ́ kọ́ ètò ìlú àti àyíká (Urban and Regional Planning) ní yunifásítì máa ń lo ọdún 5 tó bá gba JAMB wọlé, ọdún 4 tó bá gba Direct Entry. Àwọn kan ń forí lé Àkúrẹ́, àwọn kan Ifẹ̀, àwọn mìíràn Minna tàbí Zaria. Owó ń lọ, ọdún ń gorí ọdún, ìwé ẹ̀rí á sì jáde. Ìbéèrè tí òbí kì í sábà bi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni pé: kí ni ọmọ yìí lè dá ṣe báyìí tí kò lè ṣe nígbà tó wọlé? Ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní èso ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í dúró di ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kó tó máa wá a. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọmọ tó wọlé, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣírò padà sẹ́yìn títí dé kíláàsì àkọ́kọ́.

Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ló ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, kọ èso ẹ̀kọ́ sábẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. NUC ló kọ ìdá 70 nínú 100. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìdá 30 tó kù. TOPREC, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn aṣètò ìlú sílẹ̀, náà máa ń yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wò lọ́tọ̀. Ìdá 30 yẹn ló yẹ kó jẹ ará ìwọ̀ oòrùn Kogí lógún jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn ti lè ráyè wọlé. Bí àpẹẹrẹ, òfin ọdún 1992 ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe fún àyíká kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ka irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Lágbègbè Ọbájànà, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an.

Bí wọ́n bá ṣe kọ èso ẹ̀kọ́ náà ló ń pinnu bóyá ẹnikẹ́ni á lè wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ omíyalé ní Lọ́kọ́ja. Bí ìwé bá sọ pé “akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye nípa omíyalé”, kò sí olùkọ́ tó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí òye náà wà. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé “akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ya ibi tí omi dé sórí máàpù, yóò ka àwọn ilé tó wà níbẹ̀, yóò sì dábàá ibi tí àwọn ará ibẹ̀ lè kó lọ”, iṣẹ́ ti wà lójú táyé, ó ṣeé yẹ̀ wò, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kùnà nínú rẹ̀.

Omi odò Ọya àti Bẹ́núè kún bo apá kan Lọ́kọ́ja lọ́dún 2012, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022, débi pé ọ̀nà Àbújá dí ní apá Koton Karfe. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-1, tí àwọn ará Yúróòpù ń yà, lọ́fẹ̀ẹ́. Rédà, ìyẹn ìtànṣán tí òun fúnra rẹ̀ ń rán sílẹ̀, ni sátẹ́láìtì yìí ń lò, ìkùukùu kò sì lè dí i lójú, èyí tó ṣe pàtàkì nítorí ìgbà òjò ni omi ń kún. Ojú omi tó tẹ́jú kì í dá ìtànṣán rédà padà sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, torí náà ibi tí omi bá wà máa ń dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wé ti ìgbà tí omi kún, á wá gbé àwọn ilé inú OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lé e lórí nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Máàpù á jáde, á sì dára lójú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀. Títì ọlọ́dà tó tẹ́jú náà máa ń dúdú nínú àwòrán yìí bí omi. Omi tó wà láàárín ilé àti ilé, tàbí lábẹ́ igi, sì lè funfun, kí kọ̀ǹpútà ka ibẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọṣẹ́ á gbéra lọ sí Ganaja àti Adankolo. Á wo àmì ẹrẹ̀ tó gbẹ sára ògiri, á fi tépù wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, á bi onílé bóyá ti ọdún wo ni, á sì padà wá tún máàpù rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ tó bá ń wọn èso ẹ̀kọ́ kì í wo bí máàpù ṣe rẹwà tó. Ó ń wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i pé àwòrán òun ń purọ́ àti ohun tó ṣe sí i.

Wọn kì í retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ 100 level. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ń ya tábìlì kan: èso ẹ̀kọ́ ní apá kan, kọ́ọ̀sì ní apá kejì. Wọ́n á sàmì sí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi nǹkan han ọmọ, èyí tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú, àti èyí tí wọ́n ti máa dán an wò láìràn án lọ́wọ́. Àyè tó bá ṣófo nínú tábìlì náà ń sọ̀rọ̀: wọ́n ń retí ohun tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Àyè tó sábà máa ń ṣófo ni ti bíbá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìdánwò inú gbọ̀ngàn kò lè wọ̀n ọ́n. Ká ní wọ́n rán ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Kàbà nítorí ọ̀gbàrá. Ààfin Ọbaró ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n tó mú ìwé jáde lójú pópó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kàn sí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí àti àwọn ìyá inú ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á béèrè pé, “Ìyá, ṣé gọ́tà yín dára?” Ìyá á ní, “Ó dára, ọmọ mi,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òmíràn á kí i dáadáa, á wá ní, “Ìyá, bí òjò bá dé báyìí, ibo lẹ máa ń gbé ẹrù yín sí?” Ìyá á nawọ́ sí ibi tí àgbàrá ń gbà wá, á fi orúnkún ara rẹ̀ júwe ibi tó ń dé, á sì dárúkọ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ojú omi. Àwọn méjèèjì ló lọ sí ọjà, ọ̀kan ṣoṣo ló mú ìmọ̀ bọ̀. Olùkọ́ tó bá wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn á rí ìyàtọ̀ náà kedere.

Ìdí nìyí tí máàkì lápapọ̀ kò fi tó. Ká sọ pé ọmọ kan gba 62 nínú 100 nínú iṣẹ́ stúdíò, ìyẹn iṣẹ́ àṣefọwọ́ṣe wọn: máàpù rẹ̀ dára, ìròyìn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n 4 nínú 20 ló gbà níbi bíbá ará ìlú sọ̀rọ̀. 62 á bo 4 yẹn mọ́lẹ̀, á gbà á kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka tó ń wọn èso ẹ̀kọ́ máa ń ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ìdajì kíláàsì bá kùnà ní apá kan náà, ẹjọ́ kọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ti àwọn ọmọ.

Ìdánṣe lẹ́nu iṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IT, tún wà níbẹ̀. Ètò SIWES tí ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 ni. Oṣù 6 lódindi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún 5 máa ń lò, ó sì ń kọ ohun tó ṣe sínú lọ́gìbúùkù. Ó dunni pé àwọn ọmọ kan máa ń parí rẹ̀ nídìí ká ra oúnjẹ fún ọ̀gá, ká gbé fáìlì. Olùkọ́ tó bá ka lọ́gìbúùkù láti ojú ìwé dé ojú ìwé á mọ̀, á sì ti dá sí i kí oṣù 6 tó tán.

Ìtumọ̀ kejì tí èso ẹ̀kọ́ ní ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ dà lẹ́yìn tó jáde. Ní Amẹ́ríkà, àjọ PAB tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ètò ìlú pa á láṣẹ pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tẹ iye wọn jáde fún gbogbo èèyàn: àwọn tó padà wá lọ́dún kejì, àwọn tó parí, àwọn tó yege nínú ìdánwò àwọn aṣètò ìlú, àti àwọn tó ríṣẹ́ láàárín ọdún kan. Òbí lè kà á kó tó san owó. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà níbí, ṣùgbọ́n ọdún kan tiwọn kò bá ti wa mu, torí NYSC ló ń gba ọdún kan àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìjáde ló yẹ ká kàn sí wọn. Ká má sì bi wọ́n pé “ṣé o ríṣẹ́?” nìkan. Ẹni tó ń ta dátà náà ríṣẹ́. Ká béèrè bóyá ó ń ṣètò ìlú, bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, àti ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kò kọ́ ọ.

Gbogbo ẹ̀rí yìí ló ń padà sórí tábìlì nígbà tí NUC bá wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀ka tó bá gba 70 sókè á gba ìfọwọ́sí ọdún 5. Èyí tó bá wà láàárín 60 sí 69 á gba ti ọdún 2 kó lọ ṣàtúnṣe. Ìsàlẹ̀ 60, wọn kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó bá ń dúró de àlejò NUC kó tó wo èsì àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kíláàsì kọjá lọ pẹ̀lú àbùkù kan náà. Ìpàdé òpin sáà ló yẹ kí àtúnṣe ti máa wáyé: kí wọ́n wo apá tí àwọn ọmọ ti kùnà jù, kí wọ́n mọ kọ́ọ̀sì tó ni ín, kí wọ́n yí iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn padà, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e.