Ibi tí VPN ti ṣẹ̀ wá, àti ohun tí màmá aláàdìrẹ bi mí

Ọdún 2021 ni VPN, ohun tó ń gbé dátà yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kọjá, di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn l'Abẹ́òkúta níbí, oṣù kẹfà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, tí wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, kò sẹ́ni tó máa wọlé tí ò ní sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi nǹkan tó ń ṣí Twitter yẹn síbẹ̀", mo sì ń fi sí i. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú ló wá bi mí pé "ṣáwọn tí mò ń ra dátà lọ́wọ́ wọn ò wá ní rí ibi tí mò ń lọ mọ́?" Mi ò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ yẹn, ni mo bá lọ wádìí ẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ rí i, wọn ò dá VPN sílẹ̀ torí àtisá fún ẹnikẹ́ni o, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Ní 1993 John Ioannidis àti Matt Blaze ti ṣe swIPe, tó ń di dátà ní ìdì kó tó bọ́ sójú títì. Ní 1996 Gurdeep Singh-Pall àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Microsoft ṣe PPTP, kí òṣìṣẹ́ tó wà nílé lè wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ́fíìsì bí ẹni pé ó jókòó síbẹ̀.

James Yonan gan-an lọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó ń rìnrìn àjò ní àárín Éṣíà, ó ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ló bá rí i pé ọwọ́ àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà àti Éṣíà tóun ò mọ̀ rí ni gbogbo iṣẹ́ òun ń gbà kọjá, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ló bá jókòó kọ OpenVPN, ó gbé e jáde ní 2001, ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ka kóòdù ẹ̀. Ẹni tó ń gbé dátà kọjá lòun ń ṣọ́ra fún, ohun tí màmá ń bi mí gan-an nìyẹn.

Ẹ rántí àrokò. Ẹni tí wọ́n fi rán ò mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tóun gbé e lọ. Bí wẹ́ẹ̀bù tó ní HTTPS, ohun tó ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti wẹ́ẹ̀bù ní ìdì, ṣe rí nìyẹn, àwọn tó ń ta dátà ò lè ka ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń rí orúkọ ibi tẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá tan VPN, ilé kan ṣoṣo ni gbogbo àrokò yín ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in kiri, ilé yẹn nìkan làwọn tó ń ta dátà á máa rí, pẹ̀lú àkókò àti iye dátà tẹ́ ẹ jẹ. Àmọ́ onílé yẹn, ìyẹn ẹni tó ni VPN, ti wá mọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ń lọ báyìí.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá nìyẹn nígbà tí wọ́n padà wá. Wọ́n na fóònù sí mi, àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré tó ń fi hàn pé VPN wà ní títàn ṣì wà lókè ẹ̀. "Ta ló wá ni èyí tó o fi sí i fún mi?" A jọ wá orúkọ onílé nínú áàpù náà títí, a ò rí i. Mo bá wọn yọ ọ́ kúrò.