Ṣé lóòótọ́ ni Anne Bonny àti Mary Read díbọ́n bí ọkùnrin?

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn obìnrin méjì yìí, tí wọ́n jalè lójú òkun láyé ọkọ̀ onígbòkun, múra bí ọkùnrin débi pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Báwo ni irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ṣe lè bò nínú ọkọ̀ tí ọkùnrin kún inú ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò bò rárá. Oṣù kẹjọ ọdún 1720 ni àwọn méjèèjì bá John Rackham, ọ̀gá àwọn ajalè ojú òkun, jí ọkọ̀ kan gbé ní Nassau, ní Bàhámà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, gómìnà ibẹ̀, Woodes Rogers, ti kéde orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọkùnrin. Ta ló wá kù tí wọ́n ń tàn?

Ẹ̀rí Dorothy Thomas nílé ẹjọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Inú ọkọ̀ kékeré tó kó oúnjẹ sí ló wà létíkun Jàmáíkà tí wọ́n fi dá a lọ́nà. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò gígùn ni àwọn obìnrin náà wọ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù wérí, àdá àti ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ṣépè, wọ́n sì ń pariwo mọ́ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n pa òun kóun má bàa lọ jẹ́rìí. Ó sì lọ jẹ́rìí náà! Kí ló fi mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n? Ó ní ọyàn wọn tóbi.

Ìbéèrè: Kí wá ni wọ́n ń fi ṣòkòtò ṣe?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ni. Ọkùnrin Faransé méjì jẹ́rìí pé bí wọ́n bá fẹ́ lé ọkọ̀ ni wọ́n máa ń wọ aṣọ ọkùnrin. Tó bá ti parí, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin wọn padà. Ẹni tó bá ti fi ìró gun àkàsọ̀ rí á mọ ìdí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n yẹgi fún wọn?

Ìdáhùn: Wọ́n yẹgi fún Rackham ní Port Royal, ní Jàmáíkà, lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1720. Lọ́jọ́ 28, wọ́n dájọ́ ikú fáwọn obìnrin náà pẹ̀lú. Àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn lóyún, bẹ́ẹ̀ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí wọ́n pa aláboyún kó tó bímọ. Mary Read kú sẹ́wọ̀n, wọ́n sin ín lóṣù kẹrin ọdún 1721. Ti Anne Bonny, kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé wọ́n yẹgi fún un.